Ọ̀nà Mẹ́kà Tí Bàbá Mi Fi Téèpù Wọ̀n

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí wọ́n ṣì ń fà mí lọ́wọ́ sọdá títì ní Madina, abẹ́ ọ̀nà tí bàálù ń gbà wálẹ̀ sí Accra gan-an ni ilé wa wà. N kò ṣe àsọdùn o. Bí bàálù bá ti ń bọ̀ láti ìhà Adenta, á ti rẹlẹ̀ débi pé à ń rí táyà rẹ̀ lókè. Àwọn abọ́ tí a dojú wọn dé sórí pákó á máa gbọ̀n, àwọn adìẹ á sá wọ abẹ́ kẹ̀kẹ́ alùpùpù bàbá mi. Ẹni tó ń fọ abọ́ lára wa á ju kànrìnkàn sílẹ̀, àwọn tó ń ṣe àmpẹ́, eré ìfẹsẹ̀fò tí àwọn ọmọbìnrin Accra fẹ́ràn, á dúró gbagidi, gbogbo wa á sì máa pariwo pé, "Bàálù o! Bá wa ra búrẹ́dì bọ̀ o!" Bàálù kan kò sì ju búrẹ́dì sílẹ̀ fún wa rí. Síbẹ̀ a kò yé bẹ̀ ẹ́.

Ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ni mo dàgbà sí. Ọṣẹ dúdú ni wọ́n ń tà ní ọjà Madina. Àwọn ará Ghana ń pe ọṣẹ yẹn ní àláátà sàmínà, ìyẹn ọṣẹ àwọn Aláátà, Aláátà náà ni wọ́n sì ń pe àwa Yorùbá. Nítorí náà, lójú èmi ọmọdé, mọ̀lẹ́bí wa ni ọṣẹ yẹn, mo sì máa ń yangàn pẹ̀lú rẹ̀ ní ilé ìwé. Iṣẹ́ tèmi ni láti máa gé e ní àárọ̀, kí n rọ ọ́ sí róbótó, kí n dì í sínú ọ̀rá. Òórùn eérú èèpo kòkó kì í kúrò lọ́wọ́ mi, bí mo bá jẹ kóósé, ìyẹn àkàrà, pẹ̀lú ẹ̀kọ gbígbóná tí wọ́n ń pè ní kókò tán, ẹnu mi náà á máa rùn bí ọṣẹ. Bí mo bá gé e tóbi jù, Ìyá Àgbà kì í nà mí. Wọ́n á kàn mú etí mi, wọ́n á yí i díẹ̀, wọ́n á ní, "Síkírá, ṣé o fẹ́ fi ọjà mi ṣe sàráà ni?"

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí a jọ dàgbà nígbà náà, ẹ ó rántí bí a ṣe ń mọ ibi tó jìn sí ibi tó sún mọ́. Ta ló mọ kìlómítà? Oúnjẹ la fi ń wọn ọ̀nà. Bí a bá ń lọ sílé ní Ọ̀fà, láti Accra dé Aflao ní ẹnubodè Togo, kẹ́ńkè kan àti ẹja díndín ni. Láti Aflao dé Kútọnù, búrẹ́dì gígùn kan ni, èyí tó le tó bẹ́ẹ̀ tí a lè fi ju ewúrẹ́. Láti Kútọnù dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, ẹyin sísè ni. Tí a bá ti wọ Nàìjíríà, oúnjẹ tán, omi inú kẹ́ẹ̀gì ló kù. A ó sùn sínú ọkọ̀, a ó jí, ọkọ̀ á ṣì máa lọ, èmi á ti bì lẹ́ẹ̀mejì sí ara ìró ẹni ẹlẹ́ni. Tí a bá fi máa dé Ọ̀fà, ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà á ti wú bí ẹ̀bà tó rí omi. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ibì kan jìnnà, ohun tí èmi máa ń bi í ni pé, "Ẹ̀ẹ̀melòó lèèyàn á jẹun kó tó débẹ̀?"

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọn kì í fi oúnjẹ wọ̀n nílé wa. Ọ̀nà Mẹ́kà ni. Nítorí ọ̀nà Mẹ́kà ló gbé bàbá Ìyá Àgbà lọ.

Àfáà ni bàbá yẹn. Nima, ní Accra níbí, ló ń gbé, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú. Ìyá Àgbà kò tíì tó ọmọ tí ń dá irun dì nígbà tí bàbá náà di ẹrù rẹ̀, ó ní òun ń lọ sí ilé Ọlọ́run. Ẹsẹ̀ ló fi rìn, ó wọ lọ́rì níbi tí lọ́rì wà, ó ń kọ́ ọmọ ní kéwú ní ìlú tó bá dé kí ó lè rí ohun tí yóò fi tẹ̀síwájú. Ọdún ń gorí ọdún. Nígbà tó yá, oníṣòwò Hausa kan dé Nima, ó ní àwọn sin ín sí ẹ̀yìn Maiduguri, lápá ibi tí adágún Chad wà. Abúlé wo? Kò mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀bá ọ̀nà wo? Kò lè sọ. Ohun tó kù fún Ìyá Àgbà nínú bàbá wọn kò ju ìyẹn lọ. Ẹnikẹ́ni nínú ìdílé wa kò sì tíì dé ibẹ̀ rí.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé àwọn ọmọ Ìyá Àgbà para pọ̀, wọ́n ní ó tó àkókò kí ìyá wọn lọ Mẹ́kà. Gbogbo ilé ló hó yèè! Èmi fò sókè, mo tún fò sílẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé wọn á máa pè mí ní ọmọ Àlhájà. Ìyá Àgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n bèèrè ọjọ́ mélòó ni bàálù ń lò dé ọ̀hún. Bàbá mi ní kò tó ọjọ́ kan, wákàtí mẹ́fà péré ni, bí wọ́n bá jẹun àárọ̀ níbí, ọ̀hún ni wọ́n á ti jẹ ti alẹ́.

Ìyá Àgbà wò ó títí. Wọ́n ní, "Ràímì, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀nà tí bàbá mi rìn títí tó fi kú, kí n jókòó sórí àga kí n fi wákàtí mẹ́fà débẹ̀? Ṣé Ọlọ́run á gba irú ìyẹn?" Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Àfáà wa ní ilé-kéwú wá, ó ṣàlàyé, ó ka àyọkà, ó ní Ọlọ́run kò ní kí a wá ìyà kiri. Ìyá Àgbà kò janpata. Wọ́n kàn ní ìbéèrè kan ṣoṣo ni àwọn ní: ṣé bàálù yẹn máa gba ibi tí bàbá àwọn wà kọjá, àbí ọ̀nà mìíràn ló ń gbà? Tó bá jẹ́ pé yóò gba ibẹ̀, àwọn á lọ. Tí kò bá gba ibẹ̀, kí wọ́n gbé owó wọn.

Hà! Ta ló mọ ọ̀nà bàálù? Àfáà wo ilẹ̀. Èmi wo òkè, mi ò rí ọ̀nà kankan níbẹ̀.

Télọ̀ ni bàbá mi, télọ̀ kì í sì í bẹ̀rù ohun tó bá ṣeé tẹ́ sílẹ̀. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi lọ gbé ìwé máàpù tó ń lò nílé ìwé wá. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì tó ń gé aṣọ lé, ó gbé sísọ́ọ̀sì lé etí ìwé méjèèjì kó má baà ká, ó sì fa téèpù ọrùn rẹ̀ yọ. Gbogbo ará ilé ló pagbo yí tábìlì náà ká, àwọn tó wá yá ọ̀bẹ lọ́wọ́ wa pàápàá. Ó fi ìbẹ̀rẹ̀ téèpù sórí Accra, ó fà á lọ sí Jídà, ìlú etí òkun tí bàálù àwọn tó ń lọ Mẹ́kà ń balẹ̀ sí. Ó fà á kí ó le bí ìgbà tó ń wọn sòkòtò olówó. Lẹ́yìn náà ló wá ń fi ìka tẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀, ó ń ka orúkọ jáde. Téèpù náà kọjá lórí Togo. Ó kọjá lórí Benin. Ó wọ Nàìjíríà, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ ilé wa ní Ọ̀fà.

Gbogbo ènìyàn kígbe. Bàbá mi ní kí a dákẹ́. Ìka rẹ̀ ń lọ. Ó kọjá lẹ́bàá Maiduguri, ó sì kan ohun róbótó aláwọ̀ búlúù kan tí kò tóbi ju ẹ̀wà lọ. Adágún Chad ni.

Títí di òní, ara mi máa ń bù máṣọ tí mo bá rántí rẹ̀. Bàbá tí a rò pé ayé ti gbé e mì, òun ló wà lábẹ́ téèpù télọ̀ yìí, lójú ọ̀nà tààrà. Ìyá Àgbà na ìka wọn, wọ́n gbé e lé ẹ̀wà búlúù yẹn. Wọ́n ní, "Ibí ni?" Bàbá mi ní, "Ibẹ̀ ni, Ìyá." Wọn kò gbé ìka wọn kúrò níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé e, wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn wá aṣọ funfun.

Ìṣòro tó kù ni bí wọ́n á ṣe mọ̀ pé àwọn ti dé orí ibẹ̀. Bàbá mi ṣe ìṣirò. Ó ní gbogbo ọ̀nà náà lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àbọ̀ kìlómítà, ó tó ìlọ́po mẹ́fà ọ̀nà Ọ̀fà, adágún náà sì wà níbi tí téèpù kò tíì dé ìlàjì, nítorí náà kí wọ́n máa retí rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí méjì àti díẹ̀. Ìyá Àgbà ní àwọn ò mọ wákàtí ojú sánmà o, kí wọ́n bá àwọn fi oúnjẹ sọ ọ́. Bàbá mi lọ bi ọkùnrin kan ládùúgbò tó ti wọ bàálù rí. Ọkùnrin náà ní bàálù á lọ lọ títí kí wọ́n tó gbé oúnjẹ wá, tí wọ́n bá wá kó abọ́ kúrò, wákàtí méjì á ti lọ. Ìyá Àgbà mi orí. Oúnjẹ, wọ́n gbà á gbọ́.

Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà ni wọ́n kúrò nílé lọ́jọ́ náà, àwọn àti ọ̀rẹ́ wọn, Ìyá Múnírà tó ń ta aṣọ ní Kotobabi. Wọn kò mú mi dé ibùdókọ̀ òfurufú, mo sì ní kò burú, ṣebí bàálù wọn á gba orí ilé wa kọjá. Mo dúró sí àgbàlá, mo na ọwọ́ sókè sílẹ̀. Bàálù kan kọjá, táyà rẹ̀ wà níta. Òmíràn kọjá. Nígbà tí bàbá mi dé, ó bá mi níbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn tó ń bọ̀ ló ń gba orí Madina, àwọn tó ń lọ, ìhà òkun ni wọ́n kọjú sí. Mo sunkún débi pé wọ́n ra wáákyé, ìrẹsì ẹlẹ́wà, fún mi. Mo lọ sí ilé-kéwú, mo ka wálàá mi, Àfáà fi pàṣán tọ́ mi lẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan nítorí pé ọkàn mi kò sí nílé. Mo padà wálé, mo gé ọṣẹ díẹ̀. Bàbá mi gbójú sókè láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ní, "Wọ́n ti balẹ̀ báyìí." Mo wo ọwọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo ti jẹun. Ẹ̀ẹ̀mejì! Àwa tí a máa ń jẹun tí a máa ń bì kí a tó rí Ọ̀fà. Ẹ̀rù bà mí, inú mi sì dùn, mi ò mọ èyí tí ǹ bá fi síwájú.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n tẹ̀ wá láago sí ṣọ́ọ̀bù tẹlifóònù àdúgbò. Ìyá Àgbà ń pariwo bí ẹni pé láti Jídà ni ohùn wọn á ti fẹsẹ̀ rìn dé. Wọ́n ní wọ́n ti jí wákàtí mẹ́ta àwọn! Àwọn kúrò ní Accra láàárọ̀, wákàtí mẹ́fà ni àwọn lò lójú ọ̀nà, ó yẹ kó jẹ́ ìrun Àyìlá ni àwọn á bá níbẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn balẹ̀, oòrùn ti ń múra àtiwọ̀. Ta ló kó wákàtí àwọn? Àfáà ló yanjú rẹ̀ fún wa. Ó ní ọ̀dọ̀ wọn ni oòrùn ti ń bọ̀, àwọn ló kọ́kọ́ ń lò ó kó tó kàn wá. Mo bá Múnírà, ọmọ ọ̀rẹ́ Ìyá Àgbà yẹn, sọ ọ́ ní ilé ìwé pé oòrùn àlòkù là ń lò ní Accra, ó sì gbà mí gbọ́ fún odindi sáà kan.

Nígbà tí wọ́n ti Mẹ́kà dé, gbogbo ilé kún. Omi Samsámù ń bọ́ sí wa lẹ́nu ní ìdérí ìgò, a ń jẹ èso dàbínù. A bi Ìyá Àgbà nípa adágún, wọ́n ní kí a jẹ́ kí àwọn sinmi. Ìyá Múnírà ló dìde tó sọ ọ́, ẹ̀rín ń gbọ̀n ọ́n, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní bàálù kò tíì pẹ́ lójú sánmà tí oúnjẹ fi dé. Ìrẹsì ni, pẹ̀lú adìẹ tí kò mọ ata. Ọkùnrin àdúgbò ti purọ́ fún wa! Bí wọ́n ṣe kó abọ́ kúrò báyìí, Ìyá Àgbà tú bẹ́líìtì, wọ́n bọ́ sí àárín ọ̀nà, wọ́n sì kúnlẹ̀. Òṣìṣẹ́ bàálù kan sáré wá, ó rò pé àìsàn ni. Ìyá Múnírà bi í pé níbo la wà. Ó ní Nàìjíríà ni, lápá Ìlọrin. Ìyá Àgbà ní, "Ọ̀fà nìyẹn. Mo kí gbogbo wọn." Ṣùgbọ́n wọn kò dìde. Ìyá Múnírà ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n tún kúnlẹ̀ tí àkókò bá tó. Wọ́n ní rárá. "Ẹni tó sin ín kò mọ orúkọ abúlé náà. Tí mo bá jókòó ńkọ́, tí ọkọ̀ sì gbé mi kọjá rẹ̀?"

Ìyá tí ìkúnlẹ̀ ìrun pàápàá ń mú kí wọ́n wí pé "yéè, orúnkún mi" ni o. Òṣìṣẹ́ náà bẹ̀ wọ́n, ó sọ pé òfin ni. Ó lọ pe ọ̀gá rẹ̀, obìnrin kan tó dúró ṣánṣán. Ìyá Múnírà fi Twi díẹ̀ àti òyìnbó díẹ̀ ṣàlàyé fún un. Obìnrin yẹn wo orúnkún wọn nílẹ̀. Ó yí padà, ó lọ, ó sì gbé ìrọ̀rí méjì bọ̀, ó fi wọ́n sábẹ́ orúnkún Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀. Ó ní kí àwọn tó ń lọ ilé ìtura máa gba ọ̀nà kejì. Ìyá Múnírà tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ń wo ìta, Ìyá Àgbà á ní, "Kí lo rí?" Á ní, "Ìyá, funfun ni gbogbo rẹ̀, eruku àti kùrukùru." Wọ́n á ní kó máa wò ó. Báyìí ni ìyá mi àgbà ṣe kúnlẹ̀ la Nàìjíríà já, tí wọ́n kúnlẹ̀ kọjá adágún, tí wọ́n kúnlẹ̀ kọjá Chad. Ìgbà tí wọ́n sọ fún wọn pé Sudan la wà yìí, tí ẹ̀yìn ti jìnnà, ni wọ́n tó na ọwọ́ kí wọ́n fà wọ́n dìde. Èèyàn méjì ló gbé wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí a ṣe ń gé ọṣẹ, mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń bá bàbá wọn sọ ní gbogbo ìgbà yẹn. Wọ́n ní kí ni àwọn fẹ́ sọ? Nígbà tí ó ń lọ, àwọn àti ìyá àwọn sìn ín dé títì, àwọn ní ó dàbọ̀. Ẹni tó bá lọ ìrìn àjò, tó bá dé, a máa ń kí i. Kò dé, kò sì sí ẹni tó kí i. "Ìkíni yẹn ló wà lọ́rùn mi láti kékeré. Mo kí i ni. Mo ní, Bàbá, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ó tán." Wọ́n sì wo ọṣẹ ọwọ́ mi, wọ́n ní mo tún ti gé e tóbi jù.

Ìyá Àgbà ti papò dà, a sin wọ́n sí Madina níbí, ibojì wọn kò sì pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ayé ti yí padà. Lónìí, fóònù á sọ bí ìlú ṣe jìnnà sí ìlú fún ọ kí o tó bèèrè tán. Kò sẹ́ni tó ń tẹ́ máàpù sórí tábìlì télọ̀ mọ́, àwọn ọmọ wa kò sì pariwo sí bàálù. Lọ́dún tó kọjá, èmi àti ọmọ mi ọkùnrin, Kámílù, jọ wọ bàálù lọ Mẹ́kà. Accra la bí i sí, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n kí ó tó sọ ọ́ ogun ni. Kò tíì jókòó tán tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. "Mama, wákàtí mẹ́fà? Chale, ó ti pọ̀ jù!" Fóònù rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ju àyè àga lọ. Gbogbo fèrèsé wà ní pípadé, àwọn ènìyàn ń sùn. Mo ní ẹ wò ó, ohun tí à ń wárìrì fún nígbà náà ló ti di ohun tí wọ́n fi ń yán. Inú bí mi díẹ̀, mo sì yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Iwájú àga kọ̀ọ̀kan ni máàpù wà, bàálù kékeré kan ń rìn lórí rẹ̀. Mo ti ń tòògbé nígbà tí Kámílù fọwọ́ kàn mí. Ó ń nàka sí ohun búlúù kékeré kan. Adágún Chad tí mo ti ń sọ ìtàn rẹ̀ fún un láti kékeré ni. Ó tú bẹ́líìtì rẹ̀, ó fò mí kọjá, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí àárín ọ̀nà, bàtà rẹ̀ wà lẹ́yìn níbi tí ẹlòmíràn jókòó sí. Ọmọbìnrin tó ń ti kẹ̀kẹ́ tíì bọ̀ dúró lójijì, ó bi mí pé ṣé ó ṣubú ni. Mo ní kò ṣubú o, bàbá wa ló ń kí.

Mo wá gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ilẹ̀, pẹ̀lú Yorùbá Accra rẹ̀ tó máa ń dojú ọ̀rọ̀ bolẹ̀. Dípò ewu, ewú orí àgbà ló pè: "Bàbá, ẹ kú ewú ọ̀nà." Mo ti la ẹnu láti tún un ṣe fún un. Mo wá ronú iye ọdún tí bàbá yẹn ti wà lójú ọ̀nà, mo sì pa ẹnu mi dé.